Ọmọ Etí Omi Tó Ń Pariwo Nínú Ìjì

Ọdún tí mo ń ránṣọ níwájú ilé wa ní Ìwó ni kọ́pà kan wá gba yàrá lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, láti ìhà gúúsù lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí wa. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá mi láràárọ̀ bí ẹni pé Ìwó ni wọ́n bí i sí. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, òjò ni.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ká wa mọ́ ibi tí a ti ń kó láfún tí ìyá mi sá sórí àpáta. Bí a ṣe sáré wọlé ni ìyá mi ń ṣe ohun tí àwọn ìyá ń ṣe ní àdúgbò wa: wọ́n fi ìborùn bo dígí, wọ́n pa fóònù, wọ́n ní kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá jókòó ti tẹ̀súbáà wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu. Bí àrá bá ń sán lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í sọ̀rọ̀. Ṣe la máa ń jókòó bí ọmọ tí àgbà ń bá wí.

Kọ́pà ní tirẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ń ké pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí, ó pe ìyá mi, ó tún gba ojú fèrèsé pe àwọn ará ilé kejì.

"Kọ́pà, dákẹ́," ni ìyá mi wí. "A kì í pariwo bí àrá bá ń sán."

"Ẹ má bínú, Mà." Ó dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní apẹja ni bàbá òun. Bí ìjì bá dé ní ìlú àwọn, àwọn tó wà ní èbúté á máa kígbe kí àwọn tó wà lójú omi lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Àwọn tó wà nílé náà á máa pe ara wọn láti ilé dé ilé. Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á jáde lọ wá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi kan ò dáhùn," ló wí. "Wọ́n wá a. Wọn ò rí i."

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí a ṣe ń bẹ̀rù ìjì ní Ìwó náà ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà fún ìyá mi. "Kí Ọlọ́hun tù wọ́n nínú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ará odò."

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń dá gbé yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ògiri amọ̀ ni, wọ́n sì kọ̀ láti kúrò níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n mú wọn wá nígbà tí wọ́n gbé wọn níyàwó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ìjì kan dé tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ká páànù ilé aládùúgbò wa bí ẹni ká ẹní. Èmi, ìyá mi àti kọ́pà wà ní pálọ̀. A gbọ́ tí nǹkan dún gbì lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n àrá ń sán léraléra, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ àrá àti èyí tí kì í ṣe àrá.

Kọ́pà bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ó pè mí, mo dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. Ó pe ìyá mi, ìyá mi na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ké pe ìyá àgbà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò dáhùn.

"Wọn ò ní dáhùn," ni ìyá mi wí. "Àwọn ló kọ́ mi pé kí n máa dákẹ́."

"Mà, mo fẹ́ lọ wò wọ́n."

Ó bọ́ sínú òjò. Ojú tì mí, mo tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn yàrá náà ò ṣí. A fi èjìká tì í títí tó fi gbà. Ògiri ẹ̀gbẹ́ kan ti wó, ó sì ti tẹ ẹsẹ̀ ìyá àgbà mọ́lẹ̀. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò wá. A fi ọwọ́ lásán kó amọ̀ náà kúrò. Ìyá mi náà dé, wọ́n di ẹ̀yìn ìyá àgbà mú, a sì gbé wọn jáde. A ò tíì dé pálọ̀ tí ògiri tó kù fi wó.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ wa ni?" ni mo bi wọ́n.

"Mo gbọ́ yín," ni ìyá àgbà wí. "Àrá ló ń sán."

Ìyá mi bú sẹ́kún. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín wà nínú ẹkún náà.

Bàbá kan tó ń to eegun ní Olúpọ̀nnà nítòsí wa ló wá di ẹsẹ̀ tó kán náà. Ní gbogbo àsìkò tí ìyá àgbà fi wà lórí ìdùbúlẹ̀, kọ́pà ló ń gbé omi ìwẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan tí ó ń fọ abọ́, ìyá mi lọ bá a, wọ́n bi í léèrè orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa fi í sínú àdúrà àwọn. Kọ́pà gbé abọ́ sílẹ̀ kó tó dáhùn.

Ó ti parí ìsìnlú rẹ̀, ó sì ti gbé àpò gàrí kan lọ sílé, kí a tó rí bíríkìlà tó tún yàrá náà kọ́ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù. Ìyá àgbà, tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà náà, dúró ti bíríkìlà, wọ́n ní kó gbé fèrèsé sí apá pálọ̀ wa, níbi tí a ti lè gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tí ìyá mi béèrè ìdí, wọ́n ní ooru ló ń mú àwọn.