Verna Kubicek Kò Dúró De Rodney

Bí nǹkan kan bá wà tí mo kórìíra nínú bọ́ọ̀lù onígi, ìyẹn baseball, òun ni ẹni tó fẹ́ gbá a tó ń ṣe bí ìyàwó tuntun: á tún ìbọ̀wọ́ ṣe, á gbọn bàtà, á jáde kúrò nínú ìlà, á máa wojú ọ̀run. Èmi ni mo ń kọ máàkì ní pápá ìlú wa ní Nebraska. Irú wọn ti sọ mí di onínúfùfù.

Verna Kubicek, tó ń pín lẹ́tà fún wa láàárọ̀, ni rẹfirí wa. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún dáadáa, orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ kì í pa eré jẹ. Pápá wa kò ní iná. Ilẹ̀ ti ṣú bá eré méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, ìgbìmọ̀ sì sọ ọ́ fún un láìfi bò: bí ẹ̀kẹta kò bá tún parí, kó gbé ìbòjú irin tó fi ń ṣe rẹfirí fún ẹlòmíì. Alága ìgbìmọ̀ náà ni Milo, àbúrò rẹ̀, tó tún jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ wa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a fi máàkì kan ju àwọn ará Wessel tó wá bá wa gbá lọ. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo tiwa tó máa gbá, kó tó kan àwọn ará Wessel láti gbá tiwọn kẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí wọ́n tó gbá tiwọn tán, eré á dúró síbẹ̀, àwa la borí. Milo sọ̀rọ̀ sí Rodney Hruska, ẹni tó kàn láti gbá, létí. Bí Rodney ṣe dé ìdí ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Rodney, wọlé sínú ìlà,” ni Verna wí.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, okùn bàtà mi ló tú.”

“Ìṣojú mi níbí lo ti tú u. Wọlé kí n tó bínú!”

Rodney rẹ́rìn-ín, ó wá ń nu igi. Verna nawọ́ sókè. “Sitíráìkì!”

Irú ẹ̀ mẹ́ta ló ń lé ẹni tó ń gbá kúrò. Gbogbo wa lanu. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó máa jù ú. Òfin fún rẹfirí láṣẹ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó máa gbá bá kọ̀ láti wọlé, ṣùgbọ́n ta ló lò ó rí níbí? Mo kọ ọ́ sínú ìwé, inú mi dùn.

Milo sáré jáde. “Verna! Ṣé orí ẹ pé? Àbúrò ẹ ni mí o!”

“Nílé nìyẹn. Padà síbi ìjókòó ẹ, àbí kí n lé ẹ jáde?”

“Rẹfirí, o ti fọ́jú!” ni Otis, ọ̀kan nínú àwọn òǹwòran, pariwo látẹ̀yìn.

“Mò ń rí àdírẹ́sì ẹ kà lójoojúmọ́, Otis!”

Rodney tún dúró síta, ó fẹ́ dán an wò. Verna tún nawọ́: ìkejì. Ìgbà yìí ló fò wọlé bí ẹni tí oyin ta. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, ó gbá afẹ́fẹ́, ó di mẹ́ta, tiwa tán. Àwọn ará Wessel gbá tiwọn, wọ́n rí máàkì méjì, wọ́n nà wá.

Milo rọra rìn lọ bá Verna. Ẹ̀rù bà mí fún obìnrin náà. Bí alága bá ní ilẹ̀ ti ṣú kí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tó lọ, eré kẹta tí kò parí nìyẹn; ta ló máa bá a jiyàn? Verna bọ́ ìbòjú. Milo wo ojú ọ̀run títí.

“Mo ṣì ń rí ojú ẹ,” ló wí, bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún. “Eré parí. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, gbé ìbòjú ẹ wá. Má sì retí pé màá bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́nà ilé.”

“Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ?” ni Verna wí. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó sì ń sunkún.