Ẹni Tó Ń Dúró Lẹ́yìn Lèmọ́mù

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ìbàdí bàbá mi lọ, mo rò pé Náíbì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìwó ń pè é. Ìyá mi ń pè é ní Náíbì, àwọn tó ń wá ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè é ní Náíbì, àní ẹni tó bá fẹ́ bá a jà nítorí aṣọ tí kò yá á kọ́kọ́ kí i ní Náíbì kó tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ìgbà tí mo wọ ilé kéwú ni mo tó mọ̀ pé oyè ni. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Tòróńtò níbí lè má mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Náíbì ni igbákejì Lèmọ́mù. Ẹ̀yìn Lèmọ́mù gan-an ló máa ń dúró, ní ìlà àkọ́kọ́, nítorí bí àlùwàlá Lèmọ́mù bá bàjẹ́ láàárín ìrun, tàbí tí òòyì bá kọ́ ọ, òun ni yóò bọ́ síwájú, tí yóò máa bá ìrun lọ láti ibi tí wọ́n dé.

Àwa tó wà lẹ́yìn lè máa kírun kí ọkàn wa wà nídìí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá wa. Bàbá mi kò lè dán an wò. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló ń kírun bí ẹni tí wọ́n máa pè nísinsìnyí, wọn kì í sì í pè é. Lèmọ́mù wa le bí òkúta. Bí ibà bá mú un lọ́jọ́ Alámìsì, á ti ra ọ̀pá rẹ̀ mú kí oòrùn Jímọ̀ọ̀ tó là.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe ládùúgbò wa nígbà náà. Wọn kì í gbàdúrà fún Náíbì pé kó di Lèmọ́mù. Ẹ rò ó wò, ọ̀nà wo ni Náíbì ń gbà di Lèmọ́mù bí kì í bá ṣe pé Lèmọ́mù kú? Àlejò kan wá láti Ìlọrin níjọ́ kan, bàbá mi fún un lómi mu, inú rẹ̀ dùn, ló bá tẹ́ ọwọ́, ó ní Ọlọ́hun á gbé Náíbì wa dépò Lèmọ́mù láìpẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Bàbá mi ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi ló yọ wá nínú rẹ̀, ó ní kí àlejò wá fọwọ́ kan àmàlà kó tó tutù.

Mo ti pẹ́ ní Tòróńtò báyìí. Orókún mi méjèèjì ṣẹ́ kù sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton, níbi tí mo ti gbé páálí títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi. Ìyókù mi ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi ní Jane and Finch, nínú ilé alájà gogoro tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Ọmọkùnrin kan ló bí, òun ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ó wọlé níjọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ rántí bọ́ bàtà.

"Grandpa, I made the team! I'm the backup quarterback."

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń pè ní backup?"

"Like, I stand behind the starter. If he goes down, I go in."

Mo ní, "Háà! O ti di Náíbì nìyẹn!"

Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mọ́sálásí nìyẹn, pé ọmọ-ọmọ mi ni Náíbì àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Náíbì, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn gbàdúrà pé kò ní pẹ́ di Lèmọ́mù wọn, gbogbo wọn sì pariwo àmín. Èmi nìkan ni ẹnu mi kò ṣí. Ó ti wọ̀ mí lára láti kékeré.

Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbá nílé o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, ó gùn, orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, àwọn tó ń gbá a sì máa ń dira bí ẹni tó ń lọ sógun. Kọ́tábáàkì ni ẹni tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń dé ọwọ́ rẹ̀. Òun ni yóò wo ẹni tó yẹ kó jù ú sí, nígbà tí àwọn géńdé òdìkejì ń sáré bọ̀ wá dá a wó. Ẹsẹ̀ ọmọ wa yìí wá ni ìṣòro. Ó yá jù. Kí ojú tó rí ẹni tí ìbá ju bọ́ọ̀lù sí, ẹsẹ̀ ti gbé e lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹsẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pariwo orúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé yunifásítì, gbogbo wọn ló lẹ́sẹ̀.

Kóòṣì wọn pè é, ó là á mọ́lẹ̀ fún un. Bí ó bá fẹ́, kó bọ́ sáàárín àwọn tó ń sáré mú bọ́ọ̀lù, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n máa lò ó láti ọ̀la. Bí ó bá sì jẹ́ kọ́tábáàkì ló fẹ́ ṣe, kó jókòó kọ́ ọ, kó sì mọ̀ pé ó máa pẹ́. Ọmọ wa ní òun máa jókòó kọ́ ọ. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà, mo ní ẹ̀jẹ̀ bàbá mi nìyẹn.

Ẹ wá wo iṣẹ́. Yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yóò máa wo eré tí wọ́n ti gbá kọjá, yóò dá a dúró, yóò sọ ohun tí òdìkejì fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Bó bá ṣì í, yóò dá a padà. Lọ́jọ́ Sátidé, yóò mú mi lọ sí orí koríko lẹ́yìn ilé wa, yóò fi ìgbálẹ̀ onígi gbọọrọ lé mi lọ́wọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni kóòṣì ń ṣe fún wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n na ìgbálẹ̀ sókè kí n máa já lù ú bí ẹhànnà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó má sá. Kó sún díẹ̀ sósì, kó sún díẹ̀ sọ́tùn-ún, kó wo ẹni kìíní, kó wo ẹni kejì, kó tó jù ú. "Má sá!" ni mo ń pariwo. "Dúró síbẹ̀! Má sá!" Obìnrin kan yọrí lójú fèrèsé lókè, ó ní òun máa pe ọlọ́pàá bí n kò bá fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rí ẹ̀rín rín, èémí mi ti tán, ìjókòó ni mo fi kí ìrun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ọdún kìíní kọjá, kò gbá nǹkan kan. Etí pápá ló ń dúró sí, tó ń fọwọ́ ṣàmì fún àwọn tó wà nínú. Ọdún kejì dé, bákan náà. Mo máa ń wò ó láti òkè nínú òtútù, màá sì rí bàbá mi.

Ní àárín ọdún kejì, wọ́n dá kọ́tábáàkì àkọ́kọ́ wọn wó, èjìká rẹ̀ sì yẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fò sókè, inú wọn ń dùn pé ọmọ wa ń wọlé. Èmi ń wo ọmọ tó wà nílẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí, òun náà ṣá ní ìyá. Ọmọ wa wọlé. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ló bá ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn èrò hó, ṣùgbọ́n mo rí kóòṣì tó mi orí. Èyí tó tẹ̀ lé e ló wá dúró. Àwọn géńdé ń bọ̀, ó dúró. Mo ń ké "Má sá!" títí ọmọbìnrin mi fi fà mí láṣọ. Ó wo ọwọ́ òsì, ó wo àárín, ó wá jù ú sọ́tùn-ún fún ẹnì kan tí èmi kò tilẹ̀ rí, ìyẹn sì mú un. Wọ́n borí lọ́jọ́ náà. Ó gbá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ṣe é dáadáa.

Èjìká kọ́tábáàkì àkọ́kọ́ wá san. Kóòṣì dá ipò padà fún onípò, ó ní òun kì í gba àyè ẹni nítorí pé ó fara pa. Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ni ipò yìí ṣì ní ọdún méjì gbáko níwájú.

Kò pẹ́ tí yunifásítì kan ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè yìí pè é, ibi tó jẹ́ pé bàálù ni ènìyàn ń wọ̀ lọ. Wọ́n ní kó wá ṣe kọ́tábáàkì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ṣí kúrò á kọ́kọ́ jókòó fún ọdún kan. Ọmọbìnrin mi kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ọmọ kan ṣoṣo rẹ̀ ni.

Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ìtàn bàbá yín, Náíbì, fún un. Tiyín nìkan ló máa ń gbọ́."

Ìtàn yẹn, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ tí mo bí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kánjú nínú ilé wa, ìtàn sùúrù bàbá mi ni mo fi ń dá a lẹ́kun. Mo pe ọmọ náà, mo tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mi kò béèrè rí.

"But Grandpa, did another mosque ever ask him?"

Wọ́n pè é o. Àwọn tó ń ta pákó kọ́ mọ́sálásí tuntun sí òpin ìlú, wọ́n wá pẹ̀lú àwọn àgbààgbà, wọ́n ní kó wá ṣe Lèmọ́mù àwọn. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní ènìyàn kì í jáde láàárín ìrun. Gbogbo ìlú yìn ín. Ibi tí mo máa ń pa ìtàn náà dé nìyẹn.

Mo sọ ìyókù fún un. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni bàbá mi ń múra kùtúbà sílẹ̀, ìwàásù Jímọ̀ọ̀ tí Lèmọ́mù ń ṣe, bóyá wọ́n á pè é. Á máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, Lèmọ́mù rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ń fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn wá kí i. Ní ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ kan, ó ní kí a gbé òun jókòó, ó kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ kùtúbà. Kò ṣe àṣìṣe kan. Àwa ọmọ rẹ̀ tẹ́ ẹní sẹ́yìn rẹ̀, a jókòó bí jàmáà títí ó fi parí. Kò rí Jímọ̀ọ̀ mìíràn mọ́.

Ọmọ náà ń wò mí. Mo bi í pé, "Kí ló wù ọ́?"

"I want to go, Grandpa."

Mo ní, "Ìrun máa ń parí. Èyí tí bàbá mi wà nínú rẹ̀ kò parí. Máa lọ."

Ìyá rẹ̀ ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń kí mi ti yàtọ̀. Mo gbà fún un. Èmi ni mo bá ọmọ náà fa àpótí dé ìdí takisí, orókún mi ń ké. Yàrá rẹ̀ ṣófo báyìí, ilé wa dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ẹni tó bá dúró ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdúró náà ló máa jẹ ẹ́ tán. Lóde òní, ẹni tó bá dúró jù, wọ́n á ní kò mọ ohun tó ń ṣe. Èwo ló tọ́? N kò mọ̀, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa ṣe bí ẹni tó mọ̀. Mo ti gbọ́ kùtúbà ní Ìwó, mo ti gbọ́ ọ ní Èkó, mo sì ń gbọ́ ọ níbí ní gbogbo Jímọ̀ọ̀ tí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi. N kò tíì gbọ́ èyí tó dára tó ti bàbá mi. Gbogbo ìlú ni ì bá gbọ́ ọ. Àwa ọmọ tó jókòó sórí ẹní nìkan la gbọ́ ọ.