Fọ́sífeètì Ìdí Iṣu Ìyá Àgbà

Òórùn ajílẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìkẹ́rẹ́, ti gbé odidi àpò kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa, òórùn rẹ̀ sì ń ta mí nímú bí ìtọ̀ ewúrẹ́. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára àpò náà. Mo bi í pé kí ni ti àárín. Ó ní fọ́sífeètì ni.

Ó ní òun ló ń mú kí gbòǹgbò ta, pé ó wà nínú eegun àti eyín mi, pé wọ́n tilẹ̀ ń fi irú rẹ̀ sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo fi ahọ́n kan eyín mi wò. Bàbá kì í bínú sí ìbéèrè. “Abéèrè kì í ṣìnà” ni tirẹ̀ ṣáá.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí i, kò fẹ́ rí ajílẹ̀ náà sójú. Ó ní iṣu tó bá jẹ ẹ́ kì í pẹ́ rà. “Má bù ú sí uṣu mi o!”

Èmi fẹ́ mọ ẹni tó jàre. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjì, mo dà á lé ẹsẹ̀ ìtàkùn iṣu rẹ̀ gan-an, lórí ebè kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ yọjú wò ó. Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ pọ́n, tó sì gbẹ.

Ìyá àgbà fọwọ́ tú ebè náà. Èèbù inú rẹ̀ ti rà. Irú iṣu tí ìyá rẹ̀ dì fún un láti ìlú Ìjàn nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ ni. Ikán ti jẹ ìyókù nínú abà, ìyẹn nìkan ló kù. Ojú tì mí, mo jẹ́wọ́. Kò nà mí.

“O bi bàbá rẹ,” ló wí. “Kí ló dé tí o ò bi mí?”

Bàbá ń ṣàlàyé pé fọ́sífeètì kọ́ ló jó o, pé àwọn èròjà méjì yòókù inú àpò ni.

Lónìí, iṣẹ́ mi ni kí n yẹ erùpẹ̀ oko wò, kí n sọ iye fọ́sífeètì inú rẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ì bá yangàn bó bá rí mi. Láìpẹ́ yìí mo sọ ìtàn iṣu náà fún àgbẹ̀ kan tó gbé erùpẹ̀ wá. Ó ní bóyá òun ṣì lè rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà Ìjàn.

“Kí lorúkọ iṣu náà?”

Mi ò mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá àgbà tún lò láyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mi ò bi í.