Bátìrì Kì í Bá Èèyàn Sùn

Nígbà tí ẹnu Darlene Kucera ṣì dá ṣáká, ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà lọ́dọ̀ wọn pé ọkọ òun lè tún ohun gbogbo ṣe láyé yìí, àfi orí kunkun tó wà lọ́rùn ara rẹ̀. Merle á kàn rẹ́rìn-ín, á sì máa bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ogójì ọdún ló fi tún katakata àwọn àgbẹ̀ ṣe ní Nebraska. Kò sí irin tí kò lè tẹ̀, kò sì sí wáyà tí kò lè tọpa rẹ̀ dé orírun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe é ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Merle ní tirẹ̀ kì í yá ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ ta ilé, wọ́n sì ra ilé ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn ní ọdún 1969: yàrá onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gbé ka ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, tó ní sítóòfù aláwọ̀ ìyeyè, bẹ́ǹṣì tó ń di ibùsùn, àti tábìlì tó ń ká mọ́ ògiri. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á na ẹsẹ̀ irin mẹ́rin sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wa ọkọ̀ kúrò, ilé náà á sì dá dúró. Lóṣù kọkànlá ọdọọdún ni wọ́n ń sá fún yìnyín lọ sí aṣálẹ̀ ẹ̀bá Quartzsite, ní Arizona, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún arúgbó bíi tiwọn ń pàgọ́ sórí iyanrìn. Tó bá di oṣù kẹrin tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, kálukú á palẹ̀ mọ́, ó di àríwá. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sú wọn.

Àìsàn Darlene ló da ètò náà rú. Àrùn tó ń jẹ iṣan ni, ooru ló sì ń fún àrùn náà lágbára. Bí ara obìnrin náà bá ti gbóná díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Tí ara bá tutù, á tún dìde, á máa rìn. Dókítà tó ń fún un lábẹ́rẹ́ wà ní Parker nítòsí, ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin nínú ọkọ̀ kò sì tọ́ sí i mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Janelle, tó ń gbé ní Lincoln, wọ bàálù wá lóṣù kẹta. Ó wo ilé kékeré náà yíká, ó sì sọ ohun tó ti ń rò bọ̀ láti ilé.

"Dádì, mo ti rí ààyè fún Mọ́mì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó tutù, nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Darlene ti dáhùn kí Merle tó la ẹnu. "Mi ò tíì kú, ẹ ti ń pín mi. Bí mo bá wọ ibẹ̀, inú pósí ni mo máa wà lọ́jọ́ tí mo bá ń jáde."

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ ná. Ooru ń bọ̀. Inú ibí á gbóná ju ààrò lọ."

"Màá jẹ́ kó tutù," ni Merle wí.

Janelle wo bàbá rẹ̀ títí. "Ó dáa. Ìparí oṣù karùn-ún ni mo máa padà wá. Tí inú ilé yìí bá tutù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, láìtan jẹnẹrétọ̀ tí èéfín rẹ̀ ń há Mọ́mì láyà, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Tí kò bá tutù, èmi àti Mọ́mì la jọ ń lọ."

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fíríìjì àtijọ́ ni Merle kọ́kọ́ yọ. Iná gáàsì ni fíríìjì náà ń lò, ooru tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ sì tó fi se ẹ̀wà. Kì í tutù rárá bí ilé bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí gbogbo onílé ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ fi ń to pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ ilé wọn, tí wọ́n á sì máa wọ̀n ọ́n títí á fi tẹ́jú. Merle fi fíríìjì tuntun tó ń lo bátìrì rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò bìkítà bí ilé bá tẹ́jú tàbí kò tẹ́jú. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, bàbá náà tún wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń to pákó.

"Merle, kí lo tún ń wọ̀n?" ni Ofelia Tafoya bi í. Aládùúgbò wọn ni Ofelia, opó kan láti New Mexico tó ń bá àwọn ará aṣálẹ̀ to bátìrì àti páànẹ́lì sólà. Ẹgbẹ́ Merle ni, kì í sì í fi òótọ́ ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un.

"Mo ń jẹ́ kí ilé tẹ́jú."

"Fíríìjì tuntun ò nílò ẹ̀. Àbí ìwọ lo fẹ́ lọ sùn sínú ẹ̀?"

Darlene rẹ́rìn-ín láti inú ilé títí ó fi wúkọ́.

Ofelia ló bá wọn yan bátìrì lítíọ́mù méjì, tó fúyẹ́ ju bátìrì olómi ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì ń gbé iná pẹ́ dáadáa. Merle to páànẹ́lì mẹ́rin sórí òrùlé, ó fa wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò, ó gé ihò sára ògiri, ó sì gbé ẹ̀rọ amúlétutù kékeré sí i. Gbogbo ibi tí ooru lè gbà wọlé ló fi fóòmù dí. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, Ofelia fúnra rẹ̀ yìn ín. Ibì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti jà. Àpótí onírin kan wà lára ògiri ìta, níhà ìwọ̀ oòrùn, tí àwọn tó kan ilé náà ṣe fún bátìrì. Ibẹ̀ ni Merle to bátìrì méjèèjì àti ìnfátà sí, ó sì ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀ pa.

"Gbé wọn wọlé," ni Ofelia wí. "Abẹ́ bẹ́ǹṣì ni kó o fi wọ́n sí, níbi tó tutù. Oòrùn á sè wọ́n níbí."

"Bátìrì kì í bá èèyàn sùn. Gáàsì ń jáde lára ẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan ní Crete tó sùn ti bátìrì..."

"Bátìrì olómi nìyẹn! Kò sí gáàsì tó ń jáde lára lítíọ́mù. Ooru ni ọ̀tá tiẹ̀. Tó bá ti gbóná jù, á paná fúnra ẹ̀, kò sì ní bi ẹ́ kó tó paná."

"Ofelia, ogójì ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí."

"O ti ń to lítíọ́mù láti ogójì ọdún? Mi ò mọ̀, má bínú."

Darlene pè wọ́n pé kí wọ́n wá mu kọfí, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ó rọrùn láti bú Merle, ó sì yẹ fún èébú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí gáàsì má lọ pa ìyàwó rẹ̀ lójú oorun. Ìfẹ́ ló fi gbé bátìrì sí ìta.

Janelle dé lọ́jọ́ tí ooru ìta ti lé ní ọgọ́rùn-ún lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, kò kúrò níwájú òṣùwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ mú wá. Mẹ́rìnléláàádọ́rin ló wà, ìyẹn ni pé inú ilé tutù dáadáa, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Darlene ní kí wọ́n bá òun mú súwẹ́tà, pé òtútù ti ń mú òun. Janelle bú sẹ́kún, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀.

"Dádì, mi ò lérò pé ẹ lè ṣe é."

"Ìwọ nìkan kọ́," ni Darlene wí láti inú súwẹ́tà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e dùn ju ọdún mẹ́ta tó ti kọjá lọ. Darlene ń rìn láti orí bẹ́ǹṣì dé ìdí sítóòfù láìdi nǹkan kan mú. Ó po ìyẹ̀fun, ó yan kolache, búrẹ́dì dídùn tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí wọ́n ń ki jáàmù sí láàárín. Merle jẹ mẹ́fà níjókòó kan. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, obìnrin náà á na àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, á ní, "Ṣé o rí bó ṣe tutù?" Merle á kígbe, á ṣe bí ẹni pé ó dun òun, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láàárín oṣù kẹfà, omi wọn tán. Ooru ìta jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́fà. Merle gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ọkọ̀ ní aago kan ọ̀sán.

"Má pẹ́ o," ni Darlene wí.

"Wákàtí kan péré."

Àwọn èèyàn ti tò síbi omi, ìlà náà sì ń falẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló lò. Kò kánjú, ó mọ̀ pé inú ilé tutù. Ó tilẹ̀ ra yìnyín fún Darlene lójú ọ̀nà, nítorí ó fẹ́ràn kó máa rún un lẹ́nu.

Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúlétutù. Ó sáré. Orí ilẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ló bá ìyàwó rẹ̀. Ẹsẹ̀ Darlene ti kọ̀, ó sì ti fi àyà fà láti orí bẹ́ǹṣì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń dì mú láti ṣílẹ̀kùn. Ara rẹ̀ gbẹ, ó ń jó fòfò. Merle gbé e sínú ọkọ̀, Ofelia ń da omi sí i lára, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Lójú ọ̀nà, Ofelia ò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa bátìrì. Merle ló ń sọ ọ́ ṣáá.

"O sọ fún mi. O sọ fún mi, Ofelia."

"Dákẹ́, máa wa ọkọ̀."

Darlene kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé ohun tí ooru ti gbà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní dá a padà mọ́, ahọ́n rẹ̀ náà sì wúwo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Merle padà wá kó aṣọ fún un. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, atẹ́gùn tútù fẹ́ lù ú lójú. Bátìrì ti tutù mọ́jú, ó sì ti tanná fúnra rẹ̀. Kò sí ohun kan tó bàjẹ́ nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tí Darlene dùbúlẹ̀ sí, ó sì sunkún bí ọmọdé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ibẹ̀ náà ló ti pe Janelle, ó ní kó máa bọ̀ wá mú ìyá rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Darlene lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Ṣé... ìwọ... lo pè é?"

"Èmi ni."

Darlene kọjú sí ògiri. "O... gbìyànjú," ló wí, kò sì yíjú padà.

Lẹ́yìn tí bàálù tó gbé Janelle àti ìyá rẹ̀ gbéra, Merle tú bátìrì kúrò nínú àpótí ìta, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Ó gbé ilé sẹ́yìn ọkọ̀, ó dágbére fún Ofelia, ó sì wà á fún ọjọ́ mẹ́rin lọ sí Nebraska. Oòrùn oṣù keje mú lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ amúlétutù náà kò sì kú lẹ́ẹ̀kan.

Ó dúró sí iwájú ilé ìtọ́jú náà. Nọ́ọ̀sì kan ti Darlene jáde wá lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Àtẹ̀gùn irin mẹ́ta ló wọ inú ilé ẹ̀yìn ọkọ̀. Merle bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, nọ́ọ̀sì náà sì ní òun ò lè gbà á láyè, pé wọ́n á jọ ṣubú ni. Darlene wo àtẹ̀gùn mẹ́ta náà.

Merle bá gòkè. Ó yí ẹ̀rọ amúlétutù sí ìwọ̀n tó tutù jù, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti àga oníkẹ̀kẹ́ náà sún mọ́ àtẹ̀gùn. Òtútù ń bọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí orúnkún Darlene. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀, ó pajú dé.

"Ó... tutù," ló wí.

"Abẹ́ bẹ́ǹṣì ni bátìrì wà báyìí," ni Merle wí. "Kò lè kú mọ́."

Darlene mi orí pé òun gbọ́. Nọ́ọ̀sì ń wo aago.

"Ti... ilẹ̀kùn yẹn, Merle," ló wí níkẹyìn. "Ò ń... fi òtútù ṣòfò."