Píìlì Rédíò Mi Wà Lọ́dọ̀ Léontine

Ọmọ ọmọ mi ni Léontine. Òun nìkan ni obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níléeṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Kétu, láyé tí gbogbo wa ń jẹ́ kàmáráàdì, títí kan ewúrẹ́.

Lọ́dún náà, wọ́n gbé pátákó ẹ̀rọ kan wá fún un láti Kùtọnú. Kò ju àwo ẹ̀wà lọ, wáyà dà bo orí rẹ̀ bí irun tí a kò yà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ bí ooru ṣe ń mú àgbàdo irúgbìn nínú àká. Ṣùgbọ́n agbára iná tó ń jáde lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ fóòtì márùn-ún gééré. Bí ó bá yẹ̀, irọ́ ni yóò máa kọ. Akínọlá ọ̀gá wọn sì ti wí fún un:

"Bí kò bá dúró lórí márùn-ún lọ́jọ́ Jímọ̀, à ń gbé e lọ sí iléeṣẹ́ wa ní Pobẹ̀. Ìwọ á padà sídìí ìwé títẹ̀."

Ó gbé e wá sórí tábìlì mi, kí eruku àgbàdo má baà kó sí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹun lórí ẹsẹ̀! Irin kékeré kan lára pátákó, tó ń fi kún iná tàbí dín in kù, ló ń yí. Á yí i, á wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, á ké pé, "Márùn-ún!" Kí n tó ro ọkà tán, ó ti kọjá márùn-ún.

"Ìyá Àgbà, ó tún ti gòkè o."

"Gbé e kúrò, kí n ríbi gbé ọbẹ̀ sí."

"Ẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ mi ló ń lọ yìí?"

"Mo mọ̀. Ọbẹ̀ ń tutù, mo mọ ìyẹn náà."

Lọ́jọ́bọ̀, ó ń sunkún, ó ń bú pátákó. Ó sú mi.

"Ìyá mi a máa sọ fún wa lóṣùpá pé ìyàwó kan ń bú odò pé omi rẹ̀ kì í kún ìkòkò. Igbá tó fi ń pọn ọ́n ló ń jò. Èyí tí ìwọ fi ń wọn iná yìí ńkọ́?"

"Háà! Àwọn kàmáráàdì òkèèrè ló fi ta wá lọ́rẹ. Kì í purọ́."

"Lọ́jà wa, bí o bá gbé igbá ìwọ̀n dé, tiwa la ó kọ́kọ́ fi dán an wò, ìbáà ṣe ọmọ ọba ló ni ín."

Ó pòṣé. Síbẹ̀ ó mú píìlì tuntun méjì tí mo rà fún tọ́ọ̀ṣì mi. Ó ní fóòtì mẹ́ta àti díẹ̀ ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. Ẹ̀rọ ní mẹ́rin!

Léontine jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Píìlì ń bẹ nínú tirẹ̀ náà, onígun mẹ́rin, ó ti ń kú lọ. Bó ṣe ń kú ló ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, bí arúgbó tó ń ròyìn ìgbà èwe rẹ̀.

A wá irú rẹ̀ ká ọjà, kò sí. Ibì kan ṣoṣo ló wà: inú rédíò mi. Léontine wo rédíò. Èmi wo òrùlé.

"Ìyá Àgbà..."

"Má wulẹ̀ pè mí. Yọ ọ́."

Ó fi í sínú ẹ̀rọ ìwọ̀n, ó sì tún pátákó yí sí márùn-ún. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Akínọlá gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n tirẹ̀ wá. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń wá ẹ̀sùn. Márùn-ún ni.

"Kí ló ti ń ṣe é?"

"Pátákó kọ́, ọ̀gá," ni Léontine wí. "Òṣùwọ̀n wa ló ń purọ́."

Pátákó kò lọ sí Pobẹ̀ mọ́, Léontine náà kò lọ síbì kankan. Wọ́n ní Kùtọnú yóò fi píìlì ránṣẹ́ sí mi. Òjò méjì ti rọ̀ kọjá. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn, orí ọgbà ni mo ti ń ké sí Ṣàkírátù aládùúgbò mi.