Ọbẹ̀ Ìgbín Tí N Kò Lè Tọ́ Wò

Ní àkókò tí mo ń wí yìí, àwa tí a ń kírun ní Ìjẹ̀bú-Òde kò tíì pọ̀. Inú ilé ni a ti ń kí i, a kì í pe ìrun síta. Ìlú òkè ni mo ti lọ kọ́ kéwú láti ìgbà èwe mi. Nígbà tí mo padà dé, orí àìsàn ni mo bá ìyá mi. Òrìṣà-ńlá ni ó ń sìn, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ funfun ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí mi tí mo tẹ́ awọ àgbò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo forí kanlẹ̀, wọn kò tún yà sílé wa mọ́. Mo ní kí n kó lọ.

“Kó lọ síbo?” ni ìyá mi wí. “Ẹni tó bá fẹ́ wá yóò wá.”

Ẹnikẹ́ni kò wá.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò jẹun mọ́. Ó kọ ẹ̀kọ. Ó ní iṣu ń ha òun lọ́fun. Bí kò bá jẹun, sísin ni n óò sin ín. Ní òwúrọ̀ òjò kan, ó ní òun lè jẹ ọbẹ̀ ìgbín, ọbẹ̀ àtẹ́ tí kò ní iyọ̀, tí kò ní epo pupa, irú èyí tí àwọn olórìṣà rẹ̀ ń jẹ. Obìnrin ará Ayépé kan ń kiri ìgbín kọjá. Mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn mi wà. Àwọn olùkọ́ mi kọ́ mi pé ìgbín orí ilẹ̀ dà bí eéṣú: bí a bá mú un láàyè, tí a sì pe orúkọ Ọlọ́run sí i bí a ti ń pa á, ó di ẹ̀tọ́, bí a kò bá pè é, èèwọ̀ ni. Bísímílà lásán ni à ń pè. Ìyá mi sì mọ ohun tó wà lẹ́nu mi.

“Má pe orúkọ kankan lé ìgbín mi o. Ti òrìṣà ni, a sì ti pe tirẹ̀ lé e kí a tó bí ọ.”

“Mo gbọ́, ìyá mi. N kò ní pè é.”

Mo lè pè é nínú ọkàn, kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò kọ́ kéwú kí n lè máa fi rẹ́ ìyá mi jẹ.

Mo fọ́ ìdí ìkarahun, mo ro omi ara ìgbín sínú igbá, nítorí ìyá mi ti sọ pé omi ẹ̀rọ̀ ni, kò ṣeé dà nù. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹran rẹ̀. Mo lọ ẹ̀gúsí, mo yọ́ òrí, mo já ewé efinrin sí i. Igi tútù ni mo fi dáná. Èéfín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

“Àlùfáà, ọbẹ̀ lò ń sè ni, àbí wàláà kéwú lò ń fọ̀?” ni ìyá mi wí.

“Ìgbín yín ló ń yọ̀, ẹ má bú mi.”

“Ta ló ń bú ọ? Wàláà kì í sá mọ́ni lọ́wọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á.

Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, n kò mọ bí ó ti rí lẹ́nu. Nílé wa, ẹni tó gbé oúnjẹ wá ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹni tí yóò jẹ ẹ́, kí ọkàn lè balẹ̀. A kì í yọ ọmọ inú ẹni sílẹ̀. Ìyá mi ti igbá sọ́dọ̀ mi.

“Tọ́ ọ wò.”

Mo gbé ọwọ́ lé itan. Mo rò pé ó tán nìyẹn, pé kò ní fẹnu kàn án.

Ó wò mí. “O ò pè é lóòótọ́.”

“N kò pè é.”

“Nínú ikùn ńkọ́?”

“N kò pè é nínú ikùn.”

“Ẹni tó bá fẹ́ tàn mí jẹ ìbá ti tọ́ ọ wò,” ni ó wí, ó sì tọwọ́ bọ ọbẹ̀. “Ó tẹ́ bó ṣe yẹ kó tẹ́.”

Ó jẹ ẹ́. Mo jókòó, mo ń wò ó, ebi ń pa mí.

Ìyá mi kì í jẹ ẹran ọbẹ̀ tán rí. Ti ọmọ ni ìsàlẹ̀ igbá. Nígbà tó ku ìgbín kan, ó nu ọwọ́, ó sì ti igbá náà sí mi bí ó ti ń ṣe nígbà tí mo kéré. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò létí igbá tí ó fi rántí. Ó fà á padà díẹ̀díẹ̀. Ó mú ìgbín náà, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́ títí. Èmi sì kọjú sí òjò.