Ẹsẹ Kejì Tí A Fi Sílẹ̀

Mo rántí ariwo òjò lórí páànù ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan ní Odò-Ọwá, ariwo tó pọ̀ débi pé ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn kò lè gbọ́ ara wọn. Òjò yẹn ló dá iṣẹ́ wa dúró lọ́jọ́ náà. Títí di òní, bí òjò bá ti ń ta sórí páànù, inú mi máa ń bàjẹ́.

Ọ̀dọ́ ni wá nígbà náà, ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin láti Ọ̀sí, Ìlọ́fà, Kòró àti Odò-Ọwá. Inú ìjọ ni gbogbo wa ti kọ́ gìtá, àwọn kan ní Áńgílíkà, àwọn kan lọ́dọ̀ àwọn Aládùúrà, ṣùgbọ́n orin rọ́ọ̀kì la fi ń di àwọn àgbà létí. Èmi a máa wọ ṣòkòtò dúdú tó ya lórúnkún nínú oòrùn ọ̀sán gangan, mo rò pé gbogbo ìlú ló ń wò mí tìyanu-tìyanu. Tàánú-tàánú ni wọ́n ń wò mí. Ìyá àgbà mi ká ṣòkòtò náà lórí okùn níjọ́ kan, ó fi ègé àǹkárá lẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò fẹ́ kí ayé rò pé ọmọ òun kò lẹ́nìkan. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún.

Ohun tí a ń lé ni pé kí a kó orin ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àwo kan ṣoṣo, kí aráyé lè mọ̀ pé wọ́n ń ta gìtá lọ́dọ̀ tiwa náà. A to fóòmù ibùsùn sí ara ògiri yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ nítorí ariwo, a ń gba ohùn sínú kọ̀ǹpútà. Gìtá àti ìlù la máa ń kọ́kọ́ gbà, ohùn ènìyàn ló ń gbẹ̀yìn. Akọrin ẹgbẹ́ tiwa, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ti kọ ẹsẹ kìíní orin rẹ̀ tán nígbà tí òjò dé. A dúró títí, kò dá. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, "Ẹ fi ẹsẹ kejì sílẹ̀ dè mí. Mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Kí Sátidé tó pé, ó lọ wa iṣu fún ìyá rẹ̀ lóko, àwọn ajínigbé sì gbé e lọ lójú ọ̀nà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, opó ni, ọ̀rẹ́ mi nìkan ló sì bí. Owó tí wọ́n bèèrè, ìlú sapá, a kó o jọ. Wọ́n gbà á, wọn kò dá ọ̀rẹ́ mi padà. Àwọn ọdẹ wọ igbó títí, wọn kò rí i, wọn kò rí òkú rẹ̀.

Ó pẹ́ kí a tó lè fọwọ́ kan iṣẹ́ náà mọ́. Èmi ni mo kọ ẹsẹ kejì dípò rẹ̀. Bí ènìyàn bá sì kú nílùú wa, fọ́tò rẹ̀ la kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ iwájú àwọn páálí sídì, a kọ "Sùn un re o" sábẹ́ rẹ̀. A rò pé ẹ̀yẹ la ṣe. A kó wọn lọ fún ìyá rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ìyá wo páálí náà pẹ́. "Ẹ rí òkú rẹ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Ta wá sọ fún un yín pé ukú ti pa ọmọ mi?"

Ó ní kí a tan orin náà. Nígbà tí ohùn ọmọ rẹ̀ jáde, ó di apá àga mú. Lẹ́yìn náà ni ohùn tèmi wọlé, ó bá yíjú sí mi.

"Ìwọ lò ń kọ eléyìí? Yọ ọ́. Ọmọ mi á padà sí ulé. Jẹ́ kó wá bá àyè rẹ̀."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ la jókòó sí tí a ń fi abẹ bó fọ́tò náà kúrò lára páálí, òun náà sì bá wa bó o. Bí àwo náà ṣe jáde nìyẹn. Bí orin wa bá dé ẹsẹ kejì, gìtá nìkan ló ń dún. Àwọn kan ní orin náà ti bàjẹ́, pé kí a lọ tún un ṣe. A kò tún un ṣe.

Ìyá kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Àwọn ẹbí wá láti Ìlọrin àti Èkó. Lẹ́bàá ibojì, àlùfáà ní kí ọmọ olóògbé wá bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Àbúrò ìyá náà rọra tì mí lẹ́yìn.

"Ìwọ ló kù tó dà bí ọmọ fún un. Lọ, jàre. Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu yẹ̀pẹ̀ náà. Ó gbóná lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ lọ̀rọ̀ àwọn àgbà, àánú ìyá sì ṣe mí dé egungun, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò nà.

"Ẹ má bínú, sà," mo sọ fún àlùfáà. "Ọmọ wọn kò tí ì dé."

Mo da yẹ̀pẹ̀ náà padà sórí òkìtì. Àwọn ènìyàn kùn sí mi, àwọn kan ní mo tàbùkù òkú. Nígbà tó yá, àlùfáà fúnra rẹ̀ bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ìlọrin ni mo ń gbé báyìí. Mi ò ta gìtá mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń tan àwo náà kí n máa bá a kọrin bí mo bá dá wà. Ìyá tó ń retí rẹ̀ ti lọ. Èmi kò tilẹ̀ gbà gbọ́ mọ́ pé ọ̀rẹ́ mi wà láàyè. Síbẹ̀, mo mọ ẹsẹ kejì yẹn lórí, bó bá sì ti dé ibẹ̀, mo máa ń pa ẹnu mi dé.